Ipa Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Nínú Ìtànkálẹ̀ Ìmọ̀ Ètò Kọ̀ǹpútà, 1951 sí 1984

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ ìtàn kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe olórí ọ̀rọ̀. Wọn a sọ bí ẹ̀rọ tí ó gba odidi yàrá ńlá ṣe di èyí tí ó ṣeé gbé ka orí tábìlì, bí owó rẹ̀ ṣe já wálẹ̀, àti bí ó ṣe ń yára sí i lọ́dọọdún. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n láàrin ẹ̀rọ àti ẹni tí kò lò ó rí, ohun kan ní láti wà tí yóò fa onítọ̀hún lọ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí láàrin 1964 àti 1984, ìwé ni nǹkan náà. Irú ìwé kan pàtó sì ni, èyí tí wọ́n kọ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí nípa kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ohùn tí ìwé fi ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ wà lára ohun tí ó pinnu ẹni tí yóò mọ iṣẹ́ náà àti ẹni tí kò ní í mọ̀ ọ́n. Níbi tí ìwé bá ti ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan sọ̀rọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni ó ń wọlé. Níbi tí ó bá ti ń bá ọmọdé, olùkọ́ girama àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, àwọn náà ń wọlé. Ẹni tí ìwé bá sì gbàgbé láti pè, ìta ni ó sábà máa ń wà.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan yé ni kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Ètò, nínú iṣẹ́ yìí, dúró fún àwọn àṣẹ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn fún kọ̀ǹpútà láti mú ṣẹ. Èdè kọ̀ǹpútà ni èdè àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni ìwé tí ẹni tí kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè fi kọ́ ara rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Ọdún 1951 ni àlàyé yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọdún náà ni ìwé àkọ́kọ́ jáde. Ó dúró ní 1984, nítorí pé ní ọdún yìí ni ìyípadà kan hàn ní Amẹ́ríkà nínú irú ẹni tí ó ń lọ kọ́ iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn níwájú.

Ìwé fún Àwọn Tí Ó Ti Mọ̀ Tẹ́lẹ̀, 1951 sí 1963

Maurice Wilkes, David Wheeler àti Stanley Gill ni wọ́n kọ ìwé àkọ́kọ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọlé rẹ̀ ni The Preparation of Programs for an Electronic Digital Computer, ó sì jáde ní 1951. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní EDSAC, èyí tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún 1949, ni ìwé náà dá lé lórí. Iṣẹ́ ribiribi ni. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ bí wọ́n ṣe lè kó àwọn ègé ètò kéékèèké tí wọ́n ti dán wò jọ síbì kan, kí ẹlòmíràn lè mú wọn lò láìjẹ́ pé ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ìṣirò, onímọ̀ físíìsì àti ẹnjiníà ni òǹkàwé tí àwọn òǹkọ̀wé náà ní lọ́kàn. Ìwé náà gbà pé òǹkàwé ti ní ìṣòro ìṣirò kan lọ́wọ́ kí ó tó ṣí i.

Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1985, Wilkes sọ bí ó ti yé òun lójijì ní 1949 pé apá tí ó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé òun tí ó kù ni òun yóò fi máa wá àṣìṣe inú ètò tí òun fúnra òun kọ. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, pé àṣìṣe kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nínú kíkọ ètò. Ó kù kí ẹnìkan sọ ọ́ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìtìjú má baà lé e sá.

Ní 1957, ilé-iṣẹ́ IBM gbé èdè FORTRAN jáde, èyí tí John Backus ṣe olórí àwọn tí ó ṣe é. Ó dín ìnira kù púpọ̀, nítorí pé òǹlò lè kọ ìṣirò sílẹ̀ ní ọ̀nà tí ó sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìṣirò. Ní 1961, Daniel McCracken kọ A Guide to FORTRAN Programming, ọ̀kan lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ó gbìyànjú láti la èdè kọ̀ǹpútà yé ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Síbẹ̀, ìdènà kan wà tí ìwé nìkan kò lè mú kúrò. Orí káàdì tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n ń kọ ètò sí nígbà náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kó káàdì rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ yàrá kọ̀ǹpútà, yóò sì padà wá gba èsì ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà tàbí ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ pé àmì kan ṣoṣo ni ó ṣì, òfo ni yóò gbà. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́nà yìí dà bí ọmọ tí ó béèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀ tí wọn kò dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Dartmouth àti Èdè BASIC

Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Hanover, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ni Dartmouth College wà. John Kemeny, ẹni tí wọ́n bí ní Budapest ní 1926, àti Thomas Kurtz jẹ́ olùkọ́ ìṣirò níbẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ náà tó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní 1959, Kurtz a máa wọ ọkọ̀ ojú-irin pẹ̀lú àpótí káàdì lọ sí MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts kí ó tó lè rí ẹ̀rọ lò. Ìrírí yìí wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n gbà pé ọ̀nà àtijọ́ kò lè kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Èrò wọn yàtọ̀ gédégédé sí èrò ìgbà náà. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà dà bí ilé-ìkàwé, kí akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lè wọlé lò ó láìsan owó, láìtọrọ ààyè. Ìdí sì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò di aṣáájú ní ìjọba àti nínú òwò kò sí lẹ́ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí wọ́n bá jáde láìmọ kọ̀ǹpútà, wọn yóò máa pàṣẹ lórí ohun tí kò yé wọn. Láti mú èyí ṣẹ, wọ́n ṣe ohun méjì. Èkíní ni pípín àkókò ẹ̀rọ: kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yóò máa dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn, yóò máa fún oníkálukú ní ìwọ̀n àkókò kíún, tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù yóò fi rò pé tòun nìkan ni ó ń ṣe. Èkejì ni èdè tuntun tí wọ́n pè ní BASIC. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fúnra wọn, bíi John McGeachie àti Michael Busch, wà lára àwọn tí ó kọ ètò tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún 1964, àwọn ètò BASIC àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́.

Bí èdè náà ti rọrùn tó hàn nínú ètò kékeré yìí:

10 PRINT 2 + 3
20 END

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ kan tí ó jọ taipúráítà, tí wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Yóò tẹ RUN, ẹ̀rọ yóò sì tẹ 5 jáde lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, lójú ẹsẹ̀ náà ni yóò mọ̀, yóò sì tún ìlà kan ṣoṣo náà tẹ̀. Àṣìṣe tí ó ti ń gba odidi ọjọ́ kan wá di ohun ìṣẹ́jú kan. Ìyípadà yìí ni ó fún irú ìwé tuntun láàyè. Òǹkọ̀wé lè sọ fún òǹkàwé wàyí pé kí ó tẹ nǹkan báyìí báyìí wò, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ìwé BASIC Programming tí Kemeny àti Kurtz fúnra wọn kọ jáde ní 1967, èdè náà sì tàn láti Dartmouth dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, títí kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n fi wáyà tẹlifóònù so mọ́ ọn.

Ìwé Tí Ó Mú Eré Ṣe Ẹ̀kọ́

Ní ìpínlẹ̀ California ni ohùn ìwé ti wá yí padà pátápátá. Bob Albrecht ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ètò kọ̀ǹpútà láti ẹ̀wádún 1960. Ní 1972, ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ My Computer Likes Me When I Speak in BASIC. Àkọlé yìí nìkan tó láti fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ̀rọ tí àwọn ará ìlú ń bẹ̀rù, tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìwé owó iná àti iṣẹ́ ìjọba, ni ìwé náà sọ di ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn ẹni tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Albrecht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn People's Computer Company ní Menlo Park. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ó tó àkókò kí kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́ fún àwọn ènìyàn, nítorí pé títí di ìgbà náà, orí wọn ni wọ́n fi ń ṣe é.

David Ahl, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, kó àwọn eré oríṣiríṣi jọ sínú ìwé 101 BASIC Computer Games ní 1973. Ètò tí wọ́n tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ó kún inú rẹ̀: eré tí ènìyàn yóò ti máa méfò nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ní lọ́kàn, eré tí yóò ti máa gbìyànjú láti gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, àti eré tí yóò ti jẹ ọba ìlú àtijọ́ kan tí yóò máa pín ọkà fún ará ìlú. Ní 1978, ó tún un ṣe fún àwọn kọ̀ǹpútà kékeré, ìwé náà sì tà ju ẹ̀dà mílíọ̀nù kan lọ.

Eré kan wà nínú ìwé Ahl tí ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá kíyè sí. Awari ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé eré àtijọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ìbátan ayò ọlọ́pọ́n ni: ojúlé mẹ́fà wà níhà kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣèré yóò sì máa kó ọmọ ayò láti ojúlé kan fún wọn sí àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ wà o. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ni ayò Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀, ti Awari sì jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Awari tún ní ilé ìkómọsí fún òṣèré kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó mú ètò yìí ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀rọ náà ń rántí àwọn eré tí wọ́n ti nà án, ó sì ń yẹra fún títẹ̀ sí ojú ọ̀nà tí ó mú un pàdánù. Bí òǹkàwé ti ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń rí bí wọ́n ṣe lè fi ìwọ̀nba àṣẹ mú ẹ̀rọ kọ́gbọ́n láti inú àṣìṣe ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ ni èyí, inú eré ni ó sì fara pamọ́ sí.

Dídà ètò kọ láti inú ìwé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ bí àwọn kan ti rò. Bí kọ́mà kan bá sọnù, ètò kò ní í ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ìlà orí ìwé wé ìlà ojú ẹ̀rọ títí yóò fi rí ibi tí ó ti ṣì. Nínú wíwá yìí ni ó ti ń mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Nígbà tí ó bá yá, yóò yí nọ́ńbà kan padà láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi ìlà tirẹ̀ kún un. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá náà nìyẹn: ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá, ó ń ṣe bí ó ti rí i, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn.

Láti Ilé-Ẹ̀kọ́ Wọ Inú Ilé

Ní oṣù Kìn-ín-ní 1975, ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé àwòrán Altair 8800 sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní ọdún náà, Bill Gates àti Paul Allen ṣe BASIC fún un, irú èyí tí ó gba kìlóbáìtì 4 péré. Nígbà tí yóò fi di 1977, Apple II, Commodore PET àti TRS-80 ti jáde, BASIC sì wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ lọ sílé kò ní olùkọ́. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni olùkọ́ rẹ̀. Ìwé tí David Lien kọ fún TRS-80 di olókìkí nítorí pé ó fi àwàdà àti sùúrù mú òǹkàwé lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní Bìrìtìkó, ZX81 tí Clive Sinclair gbé jáde ní 1981 ní kìlóbáìtì 1 péré láti fi ṣe ìrántí. Ìwé tí Steven Vickers kọ fún un kò fi kíkéré ẹ̀rọ náà ṣe àwáwí. Ó kọ́ni ní ètò gidi. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé, bí a ń gúnyán nínú odó, tí à ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1982, BBC bẹ̀rẹ̀ ètò orí tẹlifíṣọ̀n kan tí ń jẹ́ The Computer Programme, ó sì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, BBC Micro, tí ilé-iṣẹ́ Acorn ṣe. Láti ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Usborne ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ètò kọ̀ǹpútà alápèjúwe aláwọ̀ mèremère fún àwọn ọmọdé. Wọn kò dúró sí ibi tí ó rọrùn nìkan: ní 1983, wọ́n tẹ Machine Code for Beginners, tí ó kọ́ ọmọdé ní èdè tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń lò.

Àlọ́ àti Ìjàpá

BASIC nìkan kọ́ ni èdè tí wọ́n fi pe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, Daniel Friedman gbé The Little LISPer jáde lórí èdè LISP. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbéèrè àti ìdáhùn ni ìwé náà. Ìbéèrè wà lápá òsì, ìdáhùn wà lápá ọ̀tún, orúkọ oúnjẹ ló sì kún inú àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àlọ́ àpamọ̀ rí yóò mọ agbára tí ó wà nínú ọgbọ́n yìí. Ìbéèrè kan kì í le ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òǹkàwé yóò fi mọ̀, ó ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Ìwé náà pẹ́ títí. Ní 1995, òun àti Matthias Felleisen gbé e jáde lótun gẹ́gẹ́ bí The Little Schemer.

Seymour Papert ní tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní Pretoria ní 1928 tí ó sì bá Jean Piaget ṣiṣẹ́ ní Geneva, wà lára àwọn tí ó dá èdè Logo sílẹ̀ ní 1967 pẹ̀lú Wallace Feurzeig àti Cynthia Solomon. Ìjàpá ni wọ́n fi ń ṣe olórí nínú Logo. Ọmọ yóò pàṣẹ pé FORWARD 100, ìjàpá yóò rìn síwájú. Yóò ní RIGHT 90, yóò yà sọ́tùn-ún. Bí wọ́n bá pa àṣẹ méjèèjì yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, onígun mẹ́rin ti dé nìyẹn. Bí nǹkan bá ṣe ségesège, ọmọ yóò dìde, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà, yóò sì rí ibi tí àṣẹ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Ìjàpá inú àlọ́ Yorùbá jẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ìjàpá Papert kò ní ọgbọ́n kankan ju èyí tí ọmọ bá fún un lọ, ìdí sì nìyí tí ọmọ fi ní láti ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ Mindstorms, tí ó jáde ní 1980, Papert ṣàlàyé pé ìbéèrè tí ó yẹ kí ọmọ máa bi ara rẹ̀ nípa ètò ni bí yóò ṣe tún un ṣe, dípò kí ó máa bi ara rẹ̀ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. Ohun tí Wilkes mọ̀ ní 1949 ti wá di ẹ̀kọ́ ọmọdé.

Àríwísí

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni inú wọn dùn sí ìtànkálẹ̀ yìí. Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àgbà onímọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 1975 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe láti kọ́ ẹni tí ó ti fi BASIC bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó dára, nítorí pé èdè náà ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ìdí wà fún un. Àṣẹ GOTO, tí ó ń mú ẹ̀rọ fò láti ìlà kan sí òmíràn, a máa sọ ètò gígùn di òwú tí ó lọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àṣà tí kò dára tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ a máa ṣòro láti fi sílẹ̀. Kemeny àti Kurtz pàápàá kò fara mọ́ irú BASIC tí wọ́n há sínú àwọn kọ̀ǹpútà kékeré. Wọ́n kọ ìwé Back to BASIC ní 1985 láti fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì gbé True BASIC jáde.

Síbẹ̀, èdè ni àríwísí yìí bá wí. Kò kan ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé tí Brian Kernighan àti Dennis Ritchie kọ ní 1978 lórí èdè C. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún, ojú ewé rẹ̀ kò sì ju 228 lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ òfin èdè náà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n kọ́kọ́ mú òǹkàwé kọ ètò kékeré kan tí kò ṣe ju pé kí ó kí ayé lọ, àṣà tí Kernighan ti lò nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ní Bell Laboratories ní 1974. Láti ìgbà náà, ìkíni yìí ti di àkọ́ṣe nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ti wá di ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ àgbà.

Ta Ni Ìwé Ń Pè Ní "Ìwọ"?

Ìbéèrè tí ó wúwo jù lọ nínú ìtàn yìí ni ti ẹni tí ìwé ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dá BASIC sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kọ́ ọ, ọkùnrin nìkan ni Dartmouth ń gbà fún oyè àkọ́kọ́. Ọdún 1972 ni ó tó ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà wọ inú ilé, wọ́n ń polówó rẹ̀ bí ohun ìṣeré ọmọkùnrin. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 37 nínú 100 àwọn tí ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1984 jẹ́ obìnrin, ibi tí iye náà ga dé jù lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń lọ sílẹ̀, tí ó fi di nǹkan bí 18 nínú 100 ní 2010.

Ìwé nìkan kọ́ ni ó fa èyí. Ṣùgbọ́n ìwádìí Jane Margolis àti Allan Fisher ní Yunifásítì Carnegie Mellon, tí wọ́n tẹ̀ ní 2002 sínú Unlocking the Clubhouse, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ti fi kọ̀ǹpútà inú ilé kọ́ ara wọn kí wọ́n tó dé yunifásítì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ sì wá ń kọ́ni bí ẹni pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti mọ̀ díẹ̀. Nígbà tí Carnegie Mellon ṣí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ìrírí, tí wọ́n sì yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbani wọlé padà, iye obìnrin tí ó ń wọlé sí ẹ̀ka náà gòkè láti 7 nínú 100 ní 1995 sí 42 nínú 100 ní 2000. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ìlẹ̀kùn tí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣí lè tún padà tì bí àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á kọjá bá rò pé gbogbo ayé ni ó ti bá wọn wọlé.

Apá kejì ìbéèrè yìí ni ti èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwé tí iṣẹ́ yìí mẹ́nu bà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni PRINT àti FORWARD. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti túmọ̀ àwọn àṣẹ Logo sí oríṣiríṣi èdè, wọ́n sì dán an wò ní èdè Wolof ní ilẹ̀ Senegal ní ẹ̀wádún 1980. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá darí láti 1970, ti fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, fi hàn pé ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tuntun kò kọjá agbára èdè náà. Ní ẹnu àìpẹ́ yìí, èdè kọ̀ǹpútà kan ti wà, Yorlang, tí àwọn àṣẹ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá; "sọpé" ni ó ń lò níbi tí BASIC ti ń lo PRINT.

Ṣùgbọ́n ìtàn BASIC kọ́ni pé èdè nìkan kò tó. Ọdún 1964 ni BASIC ti wà; ìwé Albrecht àti ti Ahl wà lára ohun tí ó gbé e dé ọwọ́ ọmọdé. Òǹkọ̀wé tí yóò bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá yóò sì pàdé ìbéèrè kan tí kò yọ Albrecht lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó pe ọmọdé àti àgbà. Nínú Yorùbá, òǹkọ̀wé ní láti yàn láàrin "ìwọ" àti "ẹ̀yin" láti ìlà kìn-ín-ní, bí ó bá sì ti yàn, ó ti sọ ẹni tí ó ń retí. Bí ó bá mú "ìwọ," ìyá oníṣòwò tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà rẹ̀ lè rò pé ọmọ òun ni wọ́n ń bá wí. Àwọn òǹkọ̀wé ìwé ìkàwé Yorùbá ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí jà rí. Orúkọ tí J. F. Ọdúnjọ fún ìwé tirẹ̀, Aláwíyé, sì ti sọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́: ẹni tí yóò wí i tí yóò sì yéni.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti tọpa ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti Cambridge ní 1951 dé àwọn ilé tí kọ̀ǹpútà kékeré wọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980. Ohun mẹ́ta ni ó hàn pé ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ìwé tí ó yọrí jù lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ òǹkàwé lè ṣe, àlàyé sì tẹ̀lé e. Wọ́n fi àṣìṣe ṣe ọ̀nà ìmọ̀. Wọ́n sì bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n, kí ó tó di pé ó mọ̀ ọ́n.

Òdiwọ̀n tí ó yẹ kí àwọn òpìtàn máa fi wọn irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni iye irú ènìyàn tí ó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Lójú òdiwọ̀n yìí, ìwé àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe gudugudu méje fún ọmọkùnrin tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ sì wà nílé bàbá rẹ̀. Ní ti ọmọbìnrin, àti ní ti ẹni tí èdè mìíràn jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ìwé tí yóò pè wọ́n ní orúkọ tí wọn yóò dáhùn sí ni ó kù.